Olójúkan Tó Ń Ṣọ́ Ẹnubodè

Ọ̀sán ni, mo gbé búrẹ́dì gígùn méjì dání. Ilé búrẹ́dì tó wà nítòsí ilé wa ní Williamsville, ní Àbíjáǹ, ti tì láti bí ọjọ́ mélòó kan, ìdí nìyẹn tí mo fi rìn lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò. Nígbà tí mo fi máa padà dé ẹnu òpópónà wa, wọ́n ti fi táyà àti tábìlì kan tó ti kán lẹ́sẹ̀ dí i. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin dúró sẹ́yìn táyà náà pẹ̀lú igi àti àdá. Ẹ̀rù ò kọ́kọ́ bà mí, nítorí mo mọ ẹni tó ṣíwájú wọn. Ọmọkùnrin gíga kan ni, tó máa ń yí ẹnu fìlà rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá gbá géèmù ní yàrá mi, òun ló sì mọ̀ ọ́n gbá jù nínú gbogbo àwọn tó ń wá. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Kò rẹ́rìn-ín padà.

"Ìwé rẹ dà?" Ó sọ ọ́ ní Faransé, ohùn rẹ̀ le.

Mo rò pé àwàdà ni. Mo ní, "Ọmọ mi, èmi nìyí o."

"Ànàgó, mo ní ìwé rẹ dà! Ṣé etí rẹ di ni?"

Ànàgó ni wọ́n ń pe gbogbo àwa Yorùbá níbẹ̀, kì í sì í ṣe èébú lọ́jọ́ tí ara bá tutù. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "Vieux père" ló máa ń pè mí, bí àwọn ọ̀dọ́ Àbíjáǹ ṣe ń pe àgbà tí wọ́n kà sí bàbá. Mo na ìwé ìgbélùú mi sí i. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó gbé e sókè kí àwọn yòókù rí i, ó wá jù ú lù mí láyà. "Kọjá!"

Mo kọjá. Búrẹ́dì kan bọ́ sílẹ̀, mi ò sì bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé ìka mi ti wọ inú èyí tó kù ní ọwọ́ mi. A ti ń gbọ́ ìró ìbọn láti ìgbà tí ìjà ìbò ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òkèèrè ni, mo sì máa ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú ni. Lọ́jọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti dé ẹnu ọ̀nà wa, nítorí pé ẹni tó mú un wá mọ ibi tí mò ń fi kọ́kọ́rọ́ yàrá mi kọ́.

Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mo bá wá sí Àbíjáǹ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1995. Ìsọ̀ kékeré kan ni mo ní ní Adjamé, nítòsí ibùdókọ̀ gbaka, àwọn bọ́ọ̀sì kékeré ìlú náà. Àwọn kan a gbé tẹlifíṣọ̀n wá, wọn ò sì ní padà wá gbé e mọ́. Nígbà tí èyí tí wọ́n pa tì fẹ́ lé mi jáde ní ìsọ̀, mo kó wọn lọ sí yàrá iwájú ilé wa, mo ra ẹ̀rọ géèmù àlòkù, mo tún wọn ṣe, mo to bẹ́ǹṣì. Bí yàrá géèmù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ àdúgbò fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà sì fẹ́ràn ariwo wọn. Mi ò mọ géèmù gbá. Wíwò ni mò ń wò wọ́n.

Aago ìdáná ìyàwó mi ni a fi ń díwọ̀n àkókò. Ẹni tó bá sanwó, màá yí aago náà fún un, tó bá ti dún, kó gbé pádì fún ẹlòmíràn. Nítorí aago yìí, kò sí ẹni tó ń fi àkókò ṣòfò. Bẹ́ẹ̀, géèmù tí gbogbo wọn fẹ́ràn jù, àdàkọ tí mo rà lórí bẹ́ǹṣì ní ọjà Adjamé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Nínú gbogbo ẹni tó ń wọ yàrá yẹn, èmi nìkan ni mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, torí mo ka ìwé girama dé kíláàsì kẹta kí bàbá mi tó fi mí sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé kíkà mi kò yá. Mo gbọ́dọ̀ máa fi ètè kà á. Bí ọ̀rọ̀ bá ti hàn lójú tẹlifíṣọ̀n báyìí, gbogbo wọn a pariwo pé, "Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́!" Ẹni tó mú pádì dání a tẹ bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ a sì lọ. Ta ló fẹ́ fi owó ara rẹ̀ kàwé?

Géèmù ọmọ ogun kan ni, tó ń wá ọ̀nà dé etí òkun. Ẹnubodè kan wà lẹ́sẹ̀ òkè, ọkùnrin bàǹbà kan ló sì ń ṣọ́ ọ. Irin bo ìdajì ojú rẹ̀, ó ń fa ẹsẹ̀ kan, àáké rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o. Olójúkan la sọ ọ́. Kò sí ẹni tí kò tíì pa. Wọ́n ń ṣépè fún un ní Faransé, ní Jùlá, àti ní èdè ìgboro tí mi ò gbọ́. Ọmọkùnrin gíga yẹn ló kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe ń pa á. Bí wọ́n bá ti jà díẹ̀, Olójúkan a yí ẹ̀yìn padà, a gbé korobá, a wọ́ lọ sídìí kànga. Ìgbà yẹn gan-an ni kí o sáré gún un lẹ́yìn. Ó kọ́ gbogbo àdúgbò ní ọgbọ́n yìí, wọ́n sì ń sàdúrà fún un.

Bí mo ṣe ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ búrẹ́dì yẹn, èmi àti ọmọbìnrin mi nìkan ló wà nílé. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà. Àbíjáǹ la bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Faransé ló máa ń fi dáhùn. Ìyá rẹ̀ wà ní Yopougon. Àbúrò ìyàwó mi ló bímọ, ìyá wọn sì ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò lè rìn jìnnà mọ́. Ẹ̀gbọ́n ló yẹ kó lọ wẹ ọmọ tuntun, kó jó ìyá ọmọ lómi gbígbóná. Ó ní òun á padà bí ìdodo ọmọ bá ti já. Ìdodo já, ọ̀nà sì ti dí. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò ní Yopougon pọ̀ ju tiwa lọ, ohun tí a sì ń gbọ́ pé wọ́n ń ṣe fún àwọn àjèjì níbẹ̀, mi ò fẹ́ kọ ọ́ síbí. Nígbà tí fóònù bá lọ, ó máa ń sọ pé, "Àlàáfíà la wà. Ṣé ẹ ń jẹun?" Mo mọ ohùn ìyàwó mi. Kì í rọra sọ̀rọ̀ báyẹn bí ara bá dẹ̀ ẹ́.

Ohun kan ṣoṣo tí mò ń béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn: kí obìnrin yìí padà wálé.

Ìròyìn tẹlifíṣọ̀n ń dá kún ẹ̀rù wa, mo bá pa á. Ọmọ mi ní, "Papa, ẹ jẹ́ ká gbá géèmù."

"Dín ohùn rẹ̀ kù nígbà náà."

Ó na ọwọ́ sí aago ìdáná, bí ó ti máa ń rí mi ṣe. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Ta ló fẹ́ lé wa dìde?

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbá, èmi ń kà. Nígbà tí a dé ẹnubodè, ọ̀rọ̀ hàn, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti ń lọ sórí bọ́tìnnì.

"Má tẹ̀ ẹ́! Jẹ́ kí n kà á tán."

"Papa, ẹ ń pẹ́ jù."

"Ibo lò ń sáré lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lójú tẹlifíṣọ̀n, mo sọ ọ́ di Yorùbá fún un: "Padà. Ìwọ kọ́ ni mò ń dúró dè."

"Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn? Ọ̀rọ̀ èébú ni mo rò pé ó ń sọ láti ọjọ́ yìí!"

Èmi náà, bẹ́ẹ̀ ni mo rò. A ń bá a lọ. Olójúkan tún sọ pé, "Àwọn tó ṣáájú rẹ náà bínú báyìí. Èmi ni mo sin wọ́n." Ọmọ mi yí àwòrán náà lọ yí i bọ̀, ó sì rí àwọn òkúta tí a tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gbogbo wa ti rí òkúta yẹn láìmọye ìgbà. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ibojì ni. Òun ló tún kíyè sí i pé Olójúkan kì í kọ́kọ́ gbé àáké. Tí ọmọ ogun bá dúró jẹ́ẹ́, òun náà á dúró jẹ́ẹ́. Tí o bá padà sẹ́yìn kọjá ìlà òkúta kan, kò ní tẹ̀lé ọ. Àwa la máa ń sáré bá a.

Ní ọjọ́ kejì, ó pa á, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wọn ṣe ń pa á, nígbà tó lọ sídìí kànga. Mo kígbe pé kó má tẹ bọ́tìnnì, nítorí Olójúkan ń sọ nǹkan bó ṣe ń ṣubú. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé mi. "Ta ni yóò máa bu omi pa á?"

"Kí ni omi máa pa?" ni ọmọ mi béèrè.

Mi ò mọ̀. Ẹnubodè ṣí, a wọlé. Ibi tó kàn nínú géèmù náà, ibi iná la máa ń pè é. Ìlú ńlá kan ni, gbogbo rẹ̀ ń jó, wàá máa sáré láàárín iná. Àwọn ọmọ àdúgbò fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, nítorí ó mọ́lẹ̀. Ọmọ mi sáré díẹ̀, ó dúró. Ó gbé pádì sórí itan.

"Papa. Iná yẹn."

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹ̀yìn ẹnubodè ni iná náà wà tẹ́lẹ̀. Òun ló ń pọn omi sí i. Àwa la jẹ́ kó jáde."

Mo mọ̀ pé eré ọmọdé ni, ẹnì kan ló jókòó tó rò ó sórí ẹ̀rọ. Síbẹ̀, mo bá a káàánú. Ọkùnrin náà dá wà níbi tí kò sí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ràn án lọ́wọ́. Mo rántí pé èmi náà ń yọ̀ nígbà tí wọ́n bá gún un.

"Ẹ̀yin àti òun jọra," ọmọ mi wí. "Ẹ̀yin náà ń ṣọ́ ilẹ̀kùn."

"Àáké mi dà?"

"Ẹ ní tọnafísì tí ẹ fi ń tú rédíò."

Kò pẹ́ sígbà náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbá ilẹ̀kùn wa bí ẹni fẹ́ wó o. "Ṣílẹ̀kùn! Ànàgó, ṣílẹ̀kùn!" Mo mọ ohùn náà. Ọmọ mi sá wá sẹ́yìn mi. Mo rìn dé ìdí ilẹ̀kùn. Ni ohùn kan náà bá lọ sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wà létí ihò kọ́kọ́rọ́.

"Vieux père, èmi ni. Ẹ má ṣí i o."

Ó tún fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn. "Màá jó ilé yìí!" Ó rọ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má jáde lónìí, ẹ má jáde lọ́la. Àwọn kan ń bọ̀ láti òkè, mi ò mọ̀ wọ́n." Ó tún pariwo, "Tẹlifíṣọ̀n tó bàjẹ́ ló kún ibí! Kò sí nǹkan kan!" Mo gbọ́ tí àwọn kan rẹ́rìn-ín ní títì. Ó wá bi mí wẹ́rẹ́ pé, "Ìyá dà? Mi ò rí wọn."

Ìbéèrè yẹn dẹ́rù bà mí ju ẹsẹ̀ tó ń fi gbá ilẹ̀kùn lọ. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò ló ń béèrè ibi tí ìyàwó mi wà. Mo lè sọ pé ó ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Irọ́ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Ọmọ mi di aṣọ mi mú, ó sọ fún mi létí, lédè Yorùbá tí kì í fẹ́ sọ, "Ó ní ká má ṣí i. Ó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún wa."

Mo ronú bí ẹni pé mo ní gbogbo ọjọ́ láti ronú. Nígbà tó gba ìwé mi lọ́jọ́ búrẹ́dì yẹn, tó gbé e sókè, ṣé ẹlòmíràn kankan tún béèrè ìwé lọ́wọ́ mi láti ibẹ̀ délé? Rárá. Òun ló pariwo, òun ló sì jẹ́ kí n kọjá.

Mo fi ẹnu sí ihò kọ́kọ́rọ́, mo sọ fún un: Yopougon, ilé àbúrò rẹ̀, lẹ́yìn ọjà, ibi tí wọ́n ti ń ta igi.

Mo gbọ́ tí nǹkan ń ha ara ilẹ̀kùn níta, lẹ́yìn náà bàtà rẹ̀ ń lọ. Nígbà tí mo yọjú lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó ti fi ẹfun fa ìlà ńlá kan sára ilẹ̀kùn wa. Mi ò mọ̀ bóyá ìlà náà ń sọ pé a ti yẹ ilé yìí wò tàbí ó ń sọ pé ibí ni àwọn àjèjì wà. Mi ò pa á rẹ́. Mi ò sì lè sùn.

Ní ọjọ́ kejì, fóònù ìyàwó mi kò lọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ti àbúrò rẹ̀. Mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń tẹ̀ ẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé ìwọ lo fẹnu ara rẹ júwe ilé fún un. Ọmọ mi kò dá mi lẹ́bi, ó kàn máa ń se ìrẹsì wá fún mi, a ó sì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. A ò pa Olójúkan mọ́. Ọmọ mi ti rí i pé bí ọmọ ogun náà bá gbé idà rẹ̀ sílẹ̀, ó lè jókòó sórí òkúta kan nítòsí kànga, Olójúkan á sì máa pọn omi rẹ̀ lọ. Géèmù náà kò ní tẹ̀síwájú. Ibẹ̀ la máa ń fi í sílẹ̀ sí, a ó máa gbọ́ bí omi ṣe ń dà.

Àwọn tó ń bọ̀ láti òkè wá lóòótọ́. Wọ́n wọ ilé mẹ́ta ní òpópónà wa. A gbọ́ ẹsẹ̀ wọn níwájú ilẹ̀kùn, wọ́n dúró, ẹnì kan sọ nǹkan, wọ́n sì kọjá. Ọmọ mi fún ọwọ́ mi débi pé àpá èékánná rẹ̀ kù síbẹ̀. Ìyẹn jẹ́ kí n mọ̀ nípa ẹfun. Kò jẹ́ kí n mọ̀ nípa Yopougon.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí lu ọ̀sẹ̀, ìbọn dákẹ́ ní àdúgbò wa. Àwọn obìnrin òpópónà jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀, wọ́n yí táyà kúrò, wọ́n ń bú àwọn tó kó o síbẹ̀ bí ẹni ń bú ọmọ tó tọ̀ sílé. Ọmọkùnrin gíga náà kò sí níbẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tó béèrè rẹ̀. Ní Yopougon, wọ́n ṣì ń jà. Mo ń lọ sí ibùdókọ̀ Adjamé lójoojúmọ́ láti béèrè. Àwọn awakọ̀ gbaka ń mi orí sí mi kí n tó la ẹnu.

Lọ́jọ́ tí ọ̀nà là, mi ò tilẹ̀ sí níbùdókọ̀. Mo wà nílé, mò ń fi iná jó wáyà rédíò kan, nígbà tí mo gbọ́ ohùn obìnrin níta pé, "Ta ló fi ẹfun ba ilẹ̀kùn mi jẹ́ báyìí?"

Ohùn rẹ̀ kò rọ̀ rárá. Mo mọ̀ pé ara dẹ̀ ẹ́.

Ọmọ mi fò mọ́ ọn kí n tó dìde. Ìyàwó mi ti rù, ó sì ru igbá attiéké lórí, pákí tí wọ́n rin tí wọ́n sì fi ooru sè, tí ó ṣì gbóná díẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ tuntun. Ìyàwó mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì géèmù, ó tú gèlè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún wa.

Obìnrin kan ló wá bá wọn lẹ́yìn ọjà. Ó ní ọmọ òun ní kí òun wá mú ìyàwó vieux père tó ni géèmù. Ìyàwó mi kọ́kọ́ kọ̀. Obìnrin náà ní, "Bí o bá kọ̀, ọmọ mi á wá fúnra rẹ̀, ọ̀nà ò sì dára fún un. Dìde, ọ̀rẹ́ mi." Ó kó wọn lọ sí àgbàlá rẹ̀, ibi tó ti ń ṣe attiéké tà. Kò jẹ́ kí wọ́n tan fóònù, kí àwọn ará ìta má bàa gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, ó ní ìyàwó àwọn ẹ̀gbọ́n òun ni wọ́n.

"Mo rin pákí títí ọwọ́ mi bó," ìyàwó mi wí. "Ọmọ yìí, inú agbada attiéké ni mo ti ń wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àwọn kan fẹ́ wọlé, obìnrin yẹn dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ-orógùn, ó ní kí ẹni tí ìyá rẹ̀ kò bí dáa wá kọjá lára òun. Wọ́n lọ!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ wo tiẹ̀ ni? Nínú àwọn tó ń pariwo síhìn-ín?"

Mo sọ fún un. Ó ní, "Aláriwo yẹn?"

Ọmọkùnrin náà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ó dúró níta, kò wọlé. Ó ti fá orí rẹ̀, kò dé fìlà. Mi ò mọ ohun tó ṣe ní òpópónà mìíràn nígbà tí nǹkan gbóná. Mi ò bi í, mi ò sì ní í jẹ́rìí fún ohun tí mi ò rí. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì ń wo ẹ̀yìn mi, ibi tí pádì wà.

"Wọlé, ìyá rẹ ní kí n fún ọ lóúnjẹ," ìyàwó mi pè é láti ìdáná.

Ó jókòó. Ọmọ mi gbé pádì fún un. Ó wo ògiri. "Aago ń kọ́?"

"Gbàgbé aago," mo wí.

Nígbà tí Olójúkan jáde, àtàǹpàkò rẹ̀ ti lọ sórí bọ́tìnnì. Ọmọ mi gbá a lọ́wọ́. "Jẹ́ kí Papa kà á! Kì í ṣe ìkà."

"Kì í ṣe ìkà kẹ̀? Ta ló tíì pa mí tó o?"

"Ìwọ lo máa ń sáré bá a."

Ó wò wá bí ẹni pé àtìmọ́lé ti yí wa lórí. "Ẹ kà á nígbà náà, vieux père. Ẹ ṣá kà á kíákíá."

Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà. Níta, ìyàwó mi ti bu omi ọṣẹ, ó sì ń fi kànìnkànìn fọ ilẹ̀kùn.